Àmì Pupa Nínú Ìwé Jẹ́jẹ́

                                        Ilé Kẹrin, Ọgbà Àwọn Olùkọ́,
                                        Lẹ́yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ-ọmọ kò tíì fi ariwo di ọ́ létí? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti lọọlẹ̀, àbí ó ṣì ń fi í ṣe àwáwí kó má baà gbálẹ̀? Àwọn ìbejì náà ńkọ́, pàápàá èyí tó búra pé òun kò ní gbéyàwó láyé òun? O sọ nínú lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn pé ó ti ń fín lọ́fínńdà kó tó jáde nílé báyìí. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa o. Nǹkan kì í déédé ṣe.

Tèmi náà, a dúpẹ́, ẹ̀mí ń bẹ. Orúnkún mi ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ máa dúró pẹ́, kí n lọ ra àga tó ga díẹ̀. Mo bi í bóyá ó ní ìbátan tó ń ta àga. Inú bí i, ṣùgbọ́n kò sọ pé òun kò ní.

Má bínú pé lẹ́tà yìí pẹ́ kó tó dé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbà mí lọ́kàn láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú bírò pé kí n kọ ọ́ sí ọ, tí mo sì tún gbé e sílẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ wá rò fún ọ. Nígbà tó yá, ẹjọ́ náà di tèmi.

Ṣé o rántí yàrá máàpù, níbi tí èmi pẹ̀lú rẹ ti máa ń mu tíì lásìkò ìsinmi, tí o máa ń gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, tí mo sì máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún ọ kí ọ̀gá má baà ká ọ mọ́ ibẹ̀? Wọ́n ti kó gbogbo máàpù ibẹ̀ jáde. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ wọn nìkan ló kù lára ògiri. Ọ̀gá ilé ìwé pè wá jọ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, ó ní wọ́n ti rán olùdámọ̀ràn kan sí wa, tí yóò máa ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n wá ṣe nílé ìwé. Mo ní, ohun tí wọ́n wá ṣe nílé ìwé kẹ̀? Ṣebí ìwé ni wọ́n wá kà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Obìnrin náà dé lọ́jọ́ kejì. Kò tíì pé ẹni ogójì ọdún, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Bàtà rẹ̀ kì í dún. Ìyá Ìbejì, ẹ̀rù ẹni tí bàtà rẹ̀ kì í dún máa ń bà mí. Ẹni tó bá ń lọ síbi tó dáa, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbé tìmùtìmù mẹ́sàn-án sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, aláwọ̀ oríṣiríṣi, kò gbé tábìlì ẹyọ kan. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ ní Onítìmùtìmù. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo yàrá olùkọ́ ti gbà á lẹ́nu mi.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí o bá mi dá a rò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọ yàrá rẹ̀, á fún un ní ìwé àjákọ kan. Ohun tó bá wà lọ́kàn ọmọ náà ni yóò kọ sí i. Tó bá kọ ọ́ tán, á fi í sórí pẹpẹ, níbi tí gbogbo ìwé tó kù wà, láìsí àgádágodo, láìsí kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kà á, àyàfi bí ẹni tó ni ín bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ọmọ náà gbọ́dọ̀ wá ohun kan nínú ọgbà ilé ìwé tí yóò wà láìṣe bí òun kò bá ṣe é. Ọ̀kan ń bomi rin àwọn igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnubodè. Ọ̀kan ń kọ́ ọmọ ọlọ́dún kìíní kan bí a ṣe ń ka aago. Ọmọbìnrin tó máa ń jà káàkiri yẹn, tí o na ìka sí lójú lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí o fẹ̀yìn tì, òun ló ń kọ orúkọ sára àwọn ìgò inú yàrá kẹ́míkà báyìí. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, n kò ní purọ́.

Mo bi Onítìmùtìmù ní gbangba pé ta ni yóò máa máàkì àwọn ìwé yẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni. Mo ní ta ló wá ń ṣọ́ wọn? Ó ní ìgbẹ́kẹ̀lé ni kọ́kọ́rọ́ yàrá òun. Nígbà tí ènìyàn bá ti ń pe ìgbẹ́kẹ̀lé ní kọ́kọ́rọ́, di àpò rẹ mú. Ìyẹn ni mo sọ fún olùkọ́ tó jókòó tì mí, ohùn mi ò sì lọọlẹ̀ tó bí mo ṣe rò.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá má kàn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí kì í bá ṣe ti ọmọ wa, Jẹ́jẹ́, ọmọ àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí o fẹ̀yìn tì, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ni. Ìwọ gan-an lo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, tí o ní ìrìn rẹ̀ kì í ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kíláàsì mi ló sì ti ń ṣe ìṣirò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni ọmọ náà ti yí padà. Ó kàn ń fi ṣíbí yí oúnjẹ ká inú abọ́ ni. Bí mo bá bi í lọ́rọ̀, á ní kò sí nǹkan. Máàkì rẹ̀ já láti méje sí mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ìyá rẹ̀ pè lórí fóònù, ó ní bí kò bá sí àyípadà kí sáà tó parí, òun á wá mú ọmọ òun lọ sí ilé ìwé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. N kò bímọ, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún méjì àtààbọ̀ tí ọmọ yìí sì fi wà lọ́dọ̀ mi ni ilé mi fi ní ohùn. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo fi ogún ìṣirò kún iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo ń máàkì í kí ó tó wọlé sùn. N kò bi í pé kí ló ń ṣe é. Ohun tí mo ń bi í ni pé kí ló dé tí kò fi rí ìdáhùn.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé nílé, wákàtí kan gbáko. Ó ní yàrá Onítìmùtìmù ni òun wà. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé, mo gbóòórùn kan lára rẹ̀ tí kò yé mi. Mo fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, mo gbóòórùn wọn. Gọ́ọ̀mù! Ìyá Ìbejì, o mọ ohun tí ìwé ìròyìn ń sọ nípa àwọn ọmọ tó ń fa gọ́ọ̀mù sí imú. Mo di ìka ọmọ náà mú, mo ń gbóòórùn rẹ̀ títí imú mi fi fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó dúró, ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ló ní ìwé tó ti ya nílé ìkàwé ni òun ń lẹ̀. Mo ní ìwé wo? Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ó fi ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́ta hàn mí, tí Jẹ́jẹ́ ti lẹ̀ pa dà, tó sì fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ rán ẹ̀yìn wọn. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní. Ǹjẹ́ mo yin ọmọ náà? Rárá o. Mo ní, ẹn-ẹ́n, wọ́n ti wá ń fi ọmọ olọ́mọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ báyìí.

Ohun tó wá jẹ́ kí n gbà pé ọ̀tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ni pé ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní balùwẹ̀. Láìpẹ́ sí i, bí a ṣe ń mu tíì láàárọ̀, ó bi mí pé kí ló máa ń dùn mọ́ mi nínú bí mo bá dé ilé ìwé. Ta ló kọ́ ọ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo ní kíláàsì tó bá dákẹ́. Ó mi orí bí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀: ìwé àjákọ yẹn! Ọ̀rọ̀ ilé mi ni obìnrin yẹn ń fi ẹ̀rín gbà lẹ́nu ọmọ mi. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tu itọ́ funfun jáde. Bí àbúrò mi bá wá gbé ọmọ rẹ̀ lọ, òun ni yóò ti ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo wọ ibẹ̀. Àsìkò àpéjọ òwúrọ̀ ni, gbogbo wọn wà ní pápá, orúnkún mi sì ti gba ààyè fún mi láti má lọ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lóòótọ́. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà lójú fèrèsé, oòrùn ń gba inú rẹ̀ wọlé, yàrá náà sì mọ́ ju bó ṣe mọ́ nígbà tiwa lọ. Mo gbóòórùn gọ́ọ̀mù àti ìwé. Àwọn ìwé àjákọ náà tó ogójì lórí pẹpẹ, àwọn ọmọ ti ya òdòdó àti ojú èèyàn sí ẹ̀yìn wọn. Ti Jẹ́jẹ́ kò ní àwòrán kankan, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rán ìwé nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo fa á yọ. Awò ojú mi wà lójú mi, bírò mi wà lọ́wọ́ mi, bí mo ṣe máa ń rí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò jókòó lórí tìmùtìmù wọn. Orí ìdúró ni mo ti kà á.

Orúkọ mi ni mo ń wá, mo sì rí i, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó bí mo ṣe fojú sọ́nà. Ó kọ ọ́ pé Màmá, bó ṣe máa ń pè mí, máa ń wo aago bí òun bá wọlé, pé Màmá kì í wo ojú òun. Ó kọ nípa ìyá rẹ̀, pé ohùn rẹ̀ lórí fóònù máa ń dà bí ti ẹni tó fẹ́ sáré lọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ni mo dé ojú ewé kan tó jẹ́ pé ìlà méjì péré ló wà lórí rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: “N kò mọ ohun tí mo wúlò fún, nílé tàbí nílé ìwé. Bí mo bá lọ, ìjókòó kan ló máa ṣófo, wọ́n á sì gbé ẹlòmíràn sí i.”

Mo tún ìlà méjì náà kà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ìbínú ló ṣáájú àánú. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ mi, ẹnì kan ló fi sí i lẹ́nu. Mo tún ṣí i síwájú. Ó kọ nípa ìwé tó ti ya, ó kọ nípa ọmọ ọlọ́dún kìíní kan tó gbá ìwé tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ mọ́ àyà. Ibẹ̀ ni aago ti lù. Mo dá ìwé náà padà, mo jáde bí ẹni tó mú olè.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ariwo sọ. Ẹnì kan ti ka ìwé Jẹ́jẹ́, ó sì ti fi bírò pupa máàkì í. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jókòó tì í ló rí i tó pariwo, igbákejì ọ̀gá sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí aago tó lù fún ìsinmi, gbogbo àwọn ọmọ yẹn ti kó ìwé wọn kúrò lórí pẹpẹ. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ wa. Ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ sára ìgò ya tirẹ̀ sí wẹ́wẹ́ níwájú Onítìmùtìmù.

Ọ̀gá pe ìpàdé pàjáwìrì. Ta ló kọ́kọ́ dìde? Ọ̀rẹ́ rẹ ni. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀. Mo ní ṣé n kò sọ ọ́? Mo ní obìnrin yìí ló ń kà á, ta tún ni? Mo ní ẹni tó bá lè tú àṣírí ọmọ kékeré báyìí, kò yẹ kó gba ẹnubodè ilé ìwé kọjá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Onítìmùtìmù dìde, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kọ́ ni òun fa àmì yẹn, ṣùgbọ́n yàrá òun ni, òun lòun ṣèlérí fún àwọn ọmọ, nítorí náà orí òun ni ẹ̀bi wà. Ọ̀gá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Igbákejì wá ṣí ìwé náà sórí tábìlì, kí gbogbo wa lè fojú ara wa rí ìwà ìkà tí wọ́n hù.

Àmì pupa mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀. Àmì tí olùkọ́ máa ń fà láti fi hàn pé ó tọ̀nà. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ̀kán bírò kékeré kan wà.

Ìyá Ìbejì, èmi nìkan ni mo ń fi ẹ̀kán sábẹ́ àmì mi nílé ìwé yìí. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni mo ti ń ṣe é, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má baà fa àmì fúnra rẹ̀ kó ní èmi ni mo fà á. N kò mọ̀ pé mo fà á, mo búra fún ọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọwọ́ mi ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, bí ojú bá ti ka ìlà kan tán, ọwọ́ á ti fa tirẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọwọ́ pálábá mi ségi láàárín èrò, kò sì sí ẹni tó mọ̀, nítorí àwọn olùkọ́ kì í yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Mo wo Onítìmùtìmù. Ó wo bírò tó wà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì wojú fèrèsé. Mo fura pé ó ti mọ̀.

Mo dákẹ́. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo dákẹ́. Ọ̀gá ní ṣé ọ̀rọ̀ kù, ó wo gbogbo wa yíká, mo sì ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Jẹ́jẹ́ ń ká aṣọ sínú báàgì. Ó ti pe ìyá rẹ̀. Ó ní kò yẹ kí òun dúró di ìparí sáà mọ́, ìyá òun á dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo ní ó mọ ọwọ́ mi, ó ń rí ẹ̀kán yẹn lórí iṣẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló dé tí kò sọ fún wọn pé èmi ni? Ó ní bí òun ṣe ṣí i ni òun ti mọ̀. Ó ní kò kàn wọ́n. Ó ká ẹ̀wù kan tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

“Màmá, níbi tí mo ti kọ ọ́ pé n kò mọ ohun tí mo wúlò fún, ẹ fi àmì sí i pé ó tọ̀nà. Ẹ̀yin kì í sì í ṣi máàkì.”

Kò sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Bí ẹni tó ń ka èsì ìdánwò ló ṣe sọ ọ́. Mo jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún rí láti ìgbà tí a sin ìyá mi. Mo ní ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọkàn mi. Mo ní n kò mọ̀ pé mo fà á. Ó mú aṣọ ìnujú fún mi, ó sì ń bá aṣọ kíká lọ.

Lánàá, ọjọ́ Ẹtì, mo bá ọ̀gá kí ó tó bọ́ kóòtù rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní kí n jẹ́ kó jẹ́ láàárín àwa àgbà. Mo ní rárá, ojú àwọn ọmọ ni mo ti fẹ́ sọ ọ́, nítorí pé àwọn ni wọ́n kó ìwé wọn lọ. Mo dúró ní àpéjọ òwúrọ̀ pẹ̀lú orúnkún mi, mo ní èmi ni, mo ní olùdámọ̀ràn kò mọ ohunkóhun sí i, mo wọ yàrá wọn bí olè, mo sì pe ẹlòmíràn lólè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó bá a rín in. Wọ́n ti gba ipò olórí ètò ìdánwò tí mo dì mú lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì mi. Ó tọ́ sí mi.

Onítìmùtìmù ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ìwé mọ́kànlá péré ló ti padà sórí pẹpẹ. Ó wá bá mi ní yàrá olùkọ́ lọ́sàn-án, ó gbé tìmùtìmù kan fún mi, ó ní kí n máa fi sábẹ́ orúnkún. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo pè é! Ìwọ náà wò ó, irú èèyàn wo nìyẹn? Kí ló ń wá lọ́dọ̀ mi? Mo dúpẹ́. Nígbà tó jáde, mo tẹ tìmùtìmù náà yíká, mo yẹ gbogbo ojú rírán rẹ̀ wò. Òwú ló wà nínú rẹ̀.

Ìwé Jẹ́jẹ́ kò sí lára mọ́kànlá yẹn. Báàgì rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìjẹta, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Lọ́sàn-án òní ni mo jókòó kọ lẹ́tà yìí sí ọ. Nígbà tí mo kọ ọ́ dé ibi tí o kà tán yìí, mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti ka ti ọmọ náà láìgba àṣẹ, kó ka tèmi, kí ọ̀rọ̀ lè dọ́gba. Mo pè é, mo nà án sí i. Ó wò ó, kò gbà á. Ó ní lẹ́tà mi ni, òun kì í ka ohun tí kì í bá ṣe tòun. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí òun mọ nǹkan kan, kí n sọ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀rẹ́ mi, ó rọrùn láti kọ ọ́ sí ọ. Ẹnu mi wúwo. Mo ní òun ló ń bá mi wá awò ojú mi, òun ló ń rántí láti ti fèrèsé lálẹ́. Ó ní iṣẹ́ jíjẹ́ nìyẹn. Mo ní mo ti rí ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́ta yẹn, mi ò sì rí iṣẹ́ ọwọ́ tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí nílé ìwé wa. Ojú rẹ̀ kó jọ. Ó bi mí pé ta ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀, ṣé olùdámọ̀ràn ló rán mi? Mo mọ ojú tó fi wò mí yẹn. Ojú mi ni. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Ó dùn mí ju ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì mi lọ.

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi. Mo ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi ń pẹ́ dé yẹn, ojú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, pẹ̀lú orúnkún yìí. Mo ní mo pè é ní ìṣọ́. Kì í ṣe ìṣọ́. Àárò rẹ̀ ló ń sọ mí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ó wá bi mí pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí n dúró?”

Èmi tí wọn kì í bi ní ìbéèrè kí n má bèèrè ìdí rẹ̀, mo ní mo fẹ́. N kò fi nǹkan kan kún un. Ó ní òun á rò ó, kí ìyá òun tó dé lọ́la. Ó gbé báàgì náà wọ yàrá rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, sọ fún un pé ìgbálẹ̀ kì í pa ẹ̀yìn. Kí àwọn ìbejì, kí àwọn ọmọ-ọmọ, kí o sì bá mi wo ọmọbìnrin tí èyí olóòórùn dídùn yẹn ń tìtorí rẹ̀ fín lọ́fínńdà, kí o kọ bó ṣe rí sí mi. Tètè fèsì, ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́la, mo máa nílò lẹ́tà rẹ.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ìró síìpù báàgì nínú yàrá ọmọ náà. N kò mọ̀ bóyá ó ń ṣí i ni, tàbí ó ń pa á dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo jókòó sí àyè mi, n kò ní lọ wò ó.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn láti rojọ́ fún,
                                        Olùkọ́ Ìṣirò.